Irọ́ tó wà nínú ìwádìí Asch, àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe dípò rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Sàíkọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, ọdún tó kẹ́yìn ni mo sì wà. Fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo fẹ́ tún ìwádìí Asch ṣe, èyí tí wọ́n ti máa ń fi ìlà han èèyàn kó lè sọ èyí tó bá ìlà kìíní dọ́gba, nígbà tí àwọn tó kù nínú yàrá ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í mú. Akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ọgọ́ta ni mo fẹ́ lò, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì ni yóò sì máa dáhùn òdì. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni mo fẹ́ lọ pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Òmíràn ní ìlà orí káàdì kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ìgbé ayé àwa níbí. Èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì?"

Ìdáhùn: Gbọ́ tàwọn méjèèjì, nítorí ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn forí lé.

Wọ́n ti kọ́ ọ pé ìbéèrè méjì ni a máa ń bi ìwádìí: ṣé ó tọ́ láti ṣe é, ṣé òótọ́ sì ni ohun tó bá mú wá. O máa dáhùn ọ̀kan ní Orí Kẹta ìwé rẹ, o máa dáhùn ìkejì ní Orí Karùn-ún, ìwọ̀nyí kò sì ní í pàdé ara wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ṣèwádìí, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn olùwádìí wò kí wọ́n tó jáde lọ bá èèyàn. Mi ò tíì rí ìwádìí kankan lórí bí ẹ̀dá ṣe ń bá ẹgbẹ́ lọ tí ìbéèrè méjì yìí kò ti so mọ́ra wọn. Ohun tí o fi pa mọ́ fún olùkópa ló máa sọ bóyá o ṣẹ̀ ẹ́. Òun náà ló máa sọ ohun tí ìdáhùn rẹ̀ túmọ̀ sí.

Jẹ́ ká padà sínú yàrá náà fúnra rẹ̀, nítorí mo fura pé inú àkópọ̀ ìwé kíkà lo ti mọ̀ ọ́n. Solomon Asch, tí wọ́n bí ní Warsaw ní 1907, tó sì dé Amẹ́ríkà ní 1920, ló ṣe é ní Swarthmore College ní Pennsylvania. Ó kọ́kọ́ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1951, ó tún kọ nípa rẹ̀ ní 1955 àti 1956. Ọ̀dọ́mọkùnrin bíi méje sí mẹ́sàn-án jókòó sórí ìlà. Wọ́n ní àyẹ̀wò bí ojú ṣe ń wọn nǹkan ni. Olùwádìí gbé káàdì kan sókè, ìlà kan ló wà lórí rẹ̀. Ó gbé ìkejì sókè, ìlà mẹ́ta ló wà lórí èyí. Èwo nínú mẹ́ta ló gùn tó ti àkọ́kọ́? Ìyàtọ̀ àárín wọn hàn gbangba. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Wọ́n dáhùn lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn mú ìlà kan náà. Wọ́n tún mú káàdì mìíràn, ohùn wọn tún ṣọ̀kan.

Ní ìgbà kẹta, ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ ìlà tí kì í ṣe òun. Kò rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ẹnì kejì dárúkọ ìlà yẹn náà. Ẹnì kẹta náà dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sí ìpẹ̀kun na ọrùn, ó fún ojú pọ̀, ó wo káàdì, ó wo àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ó tún wo káàdì. Ìdáhùn ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bí igbá ọrẹ ṣe ń sún mọ́ ẹni tí kò mú kọ́bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òun nìkan ni wọ́n ń dán wò nínú yàrá yẹn, pé olùwádìí ti bá gbogbo àwọn tó kù lẹ̀dí àpò pọ̀. Ìgbà 18 ni wọ́n gbé káàdì sókè, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í mú ní 12.

O mọ iye tó jáde. Nínú ọ̀dọ́mọkùnrin 123, ìdá 37 nínú 100 ìdáhùn wọn ló bá ẹgbẹ́ lọ síbi àṣìṣe. Bí wọ́n bá dá wà, àṣìṣe wọn kì í pé ẹyọ kan nínú 100. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló ṣubú ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Iye yìí ni gbogbo ìwé ń kọ. Ṣùgbọ́n dá a délẹ̀: ìdáhùn 63 nínú 100 ló jẹ́ òótọ́, láti ẹnu ẹni tí gbogbo ilé ta kò. Ìdá kan nínú mẹ́rin wọn kò yẹsẹ̀ rárá. Ní 1990, Friend, Rafferty àti Bramel tú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì wò, wọ́n sì rí i pé àwọn òǹkọ̀wé ti sọ iṣẹ́ Asch di ìtàn àgùntàn tó ń tọ ara wọn lẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé bí èèyàn ṣe ń dúró ṣinṣin lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí ló jẹ Asch lógún jù. Bí o bá fẹ́ kọ Orí Kejì rẹ, má kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yẹn kì í tilẹ̀ ṣe iye. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Asch pe ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó, ó bi í léèrè ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Àwọn kan ní àwọn gbà pé ẹgbẹ́ ló tọ̀nà, pé ojú àwọn ló ní àléébù. Àwọn kan rò pé àìsàn kan wà lára àwọn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, wọ́n wá ń fi ìdáhùn ẹgbẹ́ bo ara wọn láṣírí. Àwọn kan sì ní àwọn mọ òótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ ba iṣẹ́ olùwádìí jẹ́.

Wo ẹ̀ka kẹta yẹn dáadáa. Ẹni tó gba ẹ̀bẹ̀ wá, tó fẹ́ ṣe olùwádìí lóore, ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó bá ẹgbẹ́ lọ. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé. Àánú olùwádìí ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀, àmì kan náà ni wọ́n fi sí iwájú orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìwé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní ìlà orí káàdì kò lè sọ ohunkóhun, ohun tó yẹ kó sọ nìyí: ìlà kò burú, àmì tí a fi sí ìdáhùn ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtìjú, ìgbàgbọ́ àti àánú.

Asch fúnra rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ yìí láti kékeré. Ó sọ ọ́ pé ní alẹ́ àjọ Ìrékọjá kan, ìyá rẹ̀ àgbà bu ife wáìnì kan lé sí i. Ọmọ náà bi í pé ta ló ni ín. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ọkùnrin kan ní ti Wòlíì Èlíjà ni, pé kó máa wo ife náà dáadáa, yóò rí i pé ó máa dín kù. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì dà bíi pé ó dín kù lóòótọ́. Ẹ̀rù kò ba ọmọ yẹn, ojú kò sì tì í. Ó gba àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́ ni. Bí o bá fi ọmọ yẹn kún àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀sín, ìwádìí rẹ ti sọ ohun tí kò rí.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ Deutsch àti Gerard ní 1955 fi ṣe pàtàkì. Wọ́n la ọ̀nà méjì: èèyàn lè tẹ̀ lé ẹgbẹ́ nítorí ó rò pé wọ́n mọ̀ ju òun lọ, ó sì lè tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má bàa yọ òun sọ́tọ̀. Asch ti ní ọ̀nà tó fi lè yà wọ́n. Nígbà tó jẹ́ kí olùkópa kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé dípò kó pariwo rẹ̀, tí àwọn yòókù ṣì ń sọ tiwọn síta, àṣìṣe já wálẹ̀ sí bí ìdá 12 nínú 100. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin náà mọ̀. Nígbà tó fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òótọ́ sáàárín ẹgbẹ́, títẹ̀lé dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí, kì í ṣe 37 yẹn. Iye kan lásán láti yàrá kan kò sọ púpọ̀. Yàrá kan tí a fi wé yàrá kejì, tí ohun kan ṣoṣo sì yàtọ̀ nínú wọn, ni a lè gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Èyí mú mi dé orí àwọn ọmọ SS2 rẹ, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi ti gbọgbẹ́ jù lọ nínú ohun tí o kọ.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó. Bọ̀ọ̀dá àti àǹtí márùn-ún láti yunifásítì jókòó síwájú rẹ̀. Tíṣà kíláàsì ló mú un wá, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi àwọn ẹ̀gbọ́n yìí léèrè, gbogbo wọn ní ìlà kejì. Ó kan ọmọ. Bí ọmọ náà bá ní ìlà kejì, kí lo wọ̀n? Ṣé ìwọ náà kò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ? Ọmọ tó bá já ọ̀rọ̀ àgbà márùn-ún ní koro lójú tíṣà rẹ̀ mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é. Àti pé ní kíláàsì wa, bí tíṣà bá bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ti mọ̀ pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò wù ú, á sì yí i padà. Ohun tí o máa rí níbẹ̀ ni ọ̀wọ̀ fún àgbà àti ìbẹ̀rù tíṣà. Wọ́n ṣeé ṣèwádìí lé lórí, ó tilẹ̀ yẹ kí ẹnì kan ṣe é. Ṣùgbọ́n o kò lè pe àkọlé iṣẹ́ rẹ ní "títẹ̀lé ẹgbẹ́" kí o sì máa fi àbájáde rẹ wé ti Asch, tí àwọn tó jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ojúgbà ara wọn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé irú nǹkan yìí kò kan Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. John Berry mú ìlà lọ bá àwọn Tẹ́mínè ní Sàró, àgbẹ̀ onírẹsì, ó tún mú un lọ bá àwọn Inuit ọlọ́dẹ ní erékùṣù Baffin ní Kánádà. 1967 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò kó ẹgbẹ́ sí yàrá. Ó kàn ń sọ fún olùkópa pé ìlà báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn ìlú rẹ̀ mú. Àwọn Tẹ́mínè tẹ̀ lé ohun tó sọ ju àwọn Inuit lọ fíìfíì. Tẹ́mínè kan ṣàlàyé fún un pé bí àwọn bá ti yan nǹkan, gbogbo àwọn gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, pé ìyẹn ni àwọn ń pè ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn Inuit kò ṣàlàyé ohunkóhun. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì nàka sí ìlà tó tọ̀nà. Berry wò ó pé bí ìlú ṣe ń wá oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àgbẹ̀ tó ń kó irè pa mọ́ nílò àwọn tí kò ní í yapa, ọlọ́dẹ tó ń dá lọ sórí yìnyín nílò ojú ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí pé ohun tí Tẹ́mínè yẹn ń ṣe kì í ṣe àìlágbára. Ó ń ṣe ohun tó gbà pé ó tọ́. Ìwé tó bá kọ "àṣìṣe" síwájú ìdáhùn rẹ̀ ti dá a lẹ́bi kó tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Iye náà kì í sì dúró sójú kan káàkiri ayé. Bond àti Smith kó ìwádìí 133 láti orílẹ̀-èdè 17 jọ ní 1996. Wọ́n rí i pé níbi tí ẹbí àti ẹgbẹ́ ti jẹ́ òpó ìgbé ayé, títẹ̀lé pọ̀ jù, àti pé ní Amẹ́ríkà ó ti ń dín kù láti àwọn ọdún 1950. Ní Bírítéènì ní 1980, Perrin àti Spencer lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì: ìgbà 396, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹnì kan bá ẹgbẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n wá lo àwọn ọ̀dọ́ tí ilé ẹjọ́ fi sábẹ́ ìṣọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, iye náà gòkè sí bíi ti Asch. Ní 2023, Franzen àti Mader tẹ tiwọn jáde láti Bern ní Siwitsalandi: ìdá 33 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fi owó lé ìdáhùn tó bá tọ̀nà, ó wálẹ̀ sí 25. Nígbà tí wọ́n fi èrò lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú dípò ìlà, ó jẹ́ 38. Kò sí iye kan tó jẹ́ ti ẹ̀dá lápapọ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tí yíyapa máa ná èèyàn nínú yàrá yẹn ni iye náà ń sọ. Bí àkọlé iṣẹ́ rẹ bá ní "Yorùbá" nínú, tí ọmọ ọgọ́ta láti ilé ìwé kan sì ni gbogbo ẹ̀rí rẹ, èmi kò ní í fọwọ́ sí i.

Ó kù irọ́. Irọ́ Asch kéré, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ: ta ni ìlà pa? Kí o lè rí ibi tí ọ̀nà yẹn gbé wọn dé, wo ẹni tó tẹ̀ lé e. Stanley Milgram ti bá Asch ṣiṣẹ́ rí. Ó rò pé ìlà orí káàdì kéré jù, ó fẹ́ ohun tó máa ta lára. Ní Yale ní 1961, ó ní kí ọkùnrin 40 máa tẹ bọ́tìnnì kí iná lè gbé ẹnì kan ní yàrá kejì nígbàkúùgbà tí ẹni yẹn bá ṣi ìdáhùn mú. Iná kò gbé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbá ògiri lọ́hùn-ún mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ẹni 26 nínú 40 tẹ̀ ẹ́ dé 450 fóòtì (volt), ìwọ̀n iná tó ga jù lórí ẹ̀rọ náà. Àwọn kan ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí kì í ṣe ẹ̀rín.

Diana Baumrind dáhùn ní 1964, àpilẹ̀kọ kúkúrú yẹn ni mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kà kí wọ́n tó ka ohunkóhun mìíràn. Ó ní ẹni tó wá sí yàrá ìwádìí ti fọkàn tán olùwádìí, kò sì tọ́ láti fi ìfọkàntán náà jẹ ẹ́ níyà. Nínú ìwé kan náà, ó ní yàrá ìwádìí jẹ́ ibi àjèjì tí èèyàn ti máa ń gbára lé ẹni tó pè é wá, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kí a ti máa wọn ìgbọràn. Ṣé o rí i pé ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni? Ìfọkàntán tí Milgram lò láti mú wọn tẹ bọ́tìnnì náà ló ń dá wọn lóró, òun náà ló sì ba ìtumọ̀ títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jẹ́. Milgram fèsì pé òun kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìgbà náà, ìdá 84 nínú 100 àwọn tó dáhùn sì ní inú àwọn dùn pé àwọn kópa. Ìdùnnú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda ṣáájú ọ̀rọ̀. Nígbà tí Gina Perry sì tú àwọn fáìlì Yale, ìwé rẹ̀ ní 2012 fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ náà láì mọ̀ pé iná kò gbé ẹnikẹ́ni. Àwọn fáìlì yẹn kan náà ló fi hàn pé àwọn tó gbà pé iná ń gbé ẹni yẹn lóòótọ́ ló kọ̀ jù, àwọn tó fura ló máa ń tẹ̀ ẹ́ dópin jù. Irọ́ tó mú kí iṣẹ́ náà burú ni kò jẹ́ ká mọ ohun tó wọ̀n.

(Ti ẹ̀wọ̀n Stanford ní 1971, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ẹlẹ́wọ̀n, kí àwọn kan sì ṣe wọ́dà, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ àwọn wọ́dà ní ohun tí wọ́n máa ṣe. Má fi í ṣe ẹ̀rí nínú Orí Kejì rẹ.)

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ojú mi rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, a fi àyẹ̀wò ìlà yìí ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì kan. Ẹni tí a mú ni bàbá kan tó ti lé ní ogójì ọdún, òṣìṣẹ́ ìjọba, tó máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Iwájú ló máa ń jókòó, ìwé rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Ó bá àwọn ọmọ tó tó ọmọ rẹ̀ lọ ní ìgbà mẹ́rin. Nígbà tí a tú àṣírí, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ ṣeun," ó fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì títí sáà fi parí, ẹ̀yìn ló ń jókòó, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́. Kò fẹjọ́ sùn. Bí a bá ní ká fún un ní fọ́ọ̀mù, á kọ ọ́ pé inú òun dùn. Mo mọ̀ pé a ṣẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀ pé kò sí àlàyé tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tó dá ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. A ti fi hàn án lójú gbogbo èèyàn pé ó lè sẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kò bẹ̀ wá pé ká kọ́ òun ní ìyẹn nípa ara òun.

Ìlànà ìwádìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan pa mọ́ rárá. Ohun tó ní kí o fi hàn ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn, pé ìpalára rẹ̀ kò ju ti ojoojúmọ́ lọ, pé o máa sọ òótọ́ fún olùkópa láì jẹ́ kó pẹ́, àti pé bó bá gbọ́ òótọ́ tán, ó lè ní kí o ya ìdáhùn òun dànù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni mo kà sí jù. Ẹni tí kò mọ ohun tó fọwọ́ sí lákọ̀ọ́kọ́ gbọ́dọ̀ láǹfààní láti fọwọ́ sí i nígbà tó bá mọ̀ ọ́n. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, òbí gbọ́dọ̀ gbà, ọmọ fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà. Ìfọwọ́sí ọ̀gá ilé ìwé kì í ṣe ti òbí. Ìfọwọ́sí ọ̀gá rẹ kì í sì ṣe ti ìgbìmọ̀. Yunifásítì rẹ ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i, Nàìjíríà sì ní ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera láti 2007 tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé. Lọ bá wọn kí o tó bá olùkópa kankan sọ̀rọ̀.

Ìṣòro kékeré kan tún wà tí o lè má tíì ronú kàn. Ọmọ ọgọ́ta ní ilé ìwé kan. Ọmọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá jáde kúrò nínú yàrá, agogo ìsinmi lù. Kí wọ́n tó ra búrẹ́dì àti mọ́ínmọ́ín tán, gbogbo SS2 ti gbọ́ pé àwọn bọ̀ọ̀dá yẹn ń parọ́. Bí o bá sọ òótọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà, bó ṣe yẹ, ìwádìí rẹ ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Bí o bá dúró di ọjọ́ kẹta kí o tó sọ ọ́, o ti fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì nínú èrò pé ojú òun ń ṣàìsàn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti jáde kúrò nínú rẹ̀. Mori àti Arai ní Japan, ní 2010, fún olùkópa mẹ́rin ní gíláàsì ojú tó ń jẹ́ kí ẹnì kan rí ìlà yàtọ̀ sí bí àwọn mẹ́ta ṣe rí i. Kò sí ẹni tó ń ṣe eré. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí gan-an ló ń sọ. Àwọn obìnrin wọn bá ẹgbẹ́ lọ, àwọn ọkùnrin kò bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin nìkan ni Asch lò. Wọ́n ṣì fi nǹkan pa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ojúgbà tó wo ojú ojúgbà rẹ̀ tó purọ́ fún un. O kò ní gíláàsì yẹn, mo mọ̀.

Ohun tí èmi máa ṣe nípò rẹ nìyí. Wá ìgò funfun kan, ka ẹ̀wà sínú rẹ̀, kí o mọ iye rẹ̀ gan-an. Lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ti pé ọdún 18. Kọ́kọ́ wá ọgbọ̀n lára wọn, kí oníkálukú fojú wọn iye ẹ̀wà inú ìgò, kó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, mú ọgọ́ta mìíràn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ iye tirẹ̀. Wá fi ìdáhùn márùn-ún hàn án, kí o sì sọ ohun tó jẹ́ fún un láì pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ: "Àwọn ojúgbà rẹ ló mú ìwọ̀nyí wá, èmi ni mo yan márùn-ún tó sún mọ́ra nínú wọn." Ní kó tún fojú wọ̀n ọ́n. Kí ìdajì wọn kọ ìdáhùn kejì yìí sínú àpòòwé, kí ìdajì yòókù sọ ọ́ síta níwájú ojúgbà mẹ́rin. Kèké ni kí o fi pín wọn, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ìyàtọ̀ àárín ìdajì méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ: ohun tí wíwà lójú èèyàn fi kún un, yàtọ̀ sí ohun tí ìgbàgbọ́ nínú àwọn ojúgbà ti ṣe ná.

Kì í ṣe Asch nìyẹn, kí o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà inú ìgò kò dá ẹnikẹ́ni lójú bí ìlà ṣe dájú. Ó sún mọ́ ohun tí Muzafer Sherif ṣe ní 1935, nígbà tó fi iná kékeré kan hàn wọ́n nínú òkùnkùn, tó dà bíi pé ó ń rìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò lójú kan, tí kò sì sẹ́ni tó lè mọ ìwọ̀n ìrìn náà. Ìwọ yóò pàdánù ìyàlẹ́nu ẹni tí gbogbo ilé sẹ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mo gbà pé àdánù ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tó máa nu gíláàsì ojú rẹ̀ pẹ́ nítorí rẹ, ìwọ náà á sì lè dìde níwájú àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò kí o sọ ohun tí iye kọ̀ọ̀kan dúró fún.

Ohun kan ṣoṣo ni kí o mú lọ́dọ̀ Asch. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, bi ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: "Kí ló ń lọ lọ́kàn rẹ nígbà tí o rí iye tí àwọn yòókù mú?" Má fún un ní ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, ìdajì ojú ewé ni kí o fi sílẹ̀ fún un, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá wù ú. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, jókòó tì í kí o kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Tún iṣẹ́ náà kọ, kí o sì fi fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda rẹ ránṣẹ́ sí mi kó tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Èmi yóò kà á.